Àjàní, má ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ

Àjàní ọmọ mi,

Ọjọ́ kọkànlá rèé tí ọ̀rọ̀ tí mo fi ránṣẹ́ sí ọ lórí WhatsApp ti dúró sórí àmì kan ṣoṣo, tí kò di méjì. Ìdí nìyí tí mo fi fún awakọ̀ kan ní gáréèjì Kútọ̀ ní lẹ́tà yìí kí ó bá mi gbé e dé Èkó. Ṣé ara rẹ le?

Ẹnu oníbàárà ìyá rẹ ní Ìtòkú ni a ti gbọ́ pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ, àti pé o ti pa ojú ìwé rẹ lórí Facebook àti LinkedIn rẹ́. Kí ló dé tí ó fi jẹ́ ará ìta ni yóò sọ ọ́ fún mi? Iṣẹ́ tí ó bọ́ kò bà mí lẹ́rù. Ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí ó tún wá ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀, ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí.

Òrùlé ilé ìdáná ń jò. A ó tún un ṣe. Àbẹ̀kẹ́ wálé lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó sì ka iṣẹ́ onímọ̀ ará Amẹ́ríkà kan fún mi, Mark Granovetter, tí ó tẹ ìwádìí kan jáde lọ́dún 1973 nípa àwọn tí wọ́n rí iṣẹ́ nípasẹ̀ ojúlùmọ̀. Nínú 100 wọn, bíi 17 péré ni ẹni tí wọ́n ń rí lemọ́lemọ́ ràn lọ́wọ́. Ẹni tí wọ́n ń rí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tàbí tí wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ rí, ló ran àwọn yòókù. Ohun tí àwa tí a jọ ń jẹun mọ̀ ni ìwọ náà mọ̀, ọmọ mi. Ẹni tó jìnnà ló ń gbọ́ ohun tí kò dé ilé wa. Irú wọn ló kún orí LinkedIn, àwọn gan-an ni o sì sá fún.

Wo ìyá rẹ. Láàárọ̀, yóò na àdìrẹ ẹlẹ́kọ sára ògiri níbi tí oòrùn ti ń là, yóò fi ìka tí aró ti mú dúdú ya àwòrán ibi tí ìyẹ́ adìyẹ ti fa ìlà, yóò sì gbé e sórí WhatsApp. Obìnrin kan tí ó ra ìró kan lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà kan rí, tí ìyá rẹ ti gbàgbé pátápátá, rí i láti Jámánì, ó sì béèrè fún mẹ́fà. Nígbà tí àìsàn sì dá a dúbúlẹ̀ nígbà ọyẹ́, àwọn tí wọ́n jọ lọ sílé ìwé ló ń pè é lórí ẹ̀rọ náà ní alaalẹ́.

Àjàní, n kò sọ èyí fún ọ rí. Lọ́dún 1998, nígbà tí wọ́n dá mi dúró níṣẹ́ olùkọ́, ojú tì mí tó bẹ́ẹ̀ tí n kò lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ wa mọ́. Ọ̀kan nínú wọn wá mi fún oṣù mẹ́ta láti fún mi níṣẹ́. Ìgbà tí ó fi rí mi, ẹlòmíràn ti wọlé. O rántí bàtà rẹ tí mo fi abẹ gé níwájú kí ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ lè ráyè? Ìtìjú mi ló gé e, kì í ṣe àìríṣẹ́. Èmi náà ni mo tún wá ń sọ fún ọ pé òfò ni àkókò tí ẹ ń lò lórí fóònù. Mo ṣì ọ́ lọ́nà níbẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́ ní Facebook a máa fi 30 ọjọ́ sílẹ̀ kí ẹni tí ó pa ojú ìwé rẹ̀ rẹ́ lè yí ọkàn padà. Padà síbẹ̀. Gbé àwòrán ilé tí o fi ọwọ́ ara rẹ yà síbẹ̀. Má lọ dúró ti ọkọ̀ ẹlòmíràn ya fọ́tò. Kọ ọ́ gbangba pé o ń wá iṣẹ́.

Ṣùgbọ́n lákọ̀ọ́kọ́ ná, jọ̀wọ́, tan fóònù rẹ. Ìyá rẹ ń jí lóru wo àmì yẹn.

Èmi ni,
Bàbá rẹ,
Abẹ́òkúta.