Sí àbúrò mi tó pe ara rẹ̀ ní aláìníláárí

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo ka àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ ní àkàtúnkà. O ní owó oṣù tún ti tán láìfi nǹkan kan pamọ́, o wá pe ara rẹ ní aláìníláárí. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. Jọ̀ọ́, má pe ara rẹ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ohun tó ń bá ọ fínra kì í ṣe ìwà burúkú, bí ọpọlọ ọmọ èèyàn ṣe ń díye lé nǹkan ni.

Wò ó báyìí. Bí ẹnì kan bá ní kó o gba 100 lónìí tàbí 110 lọ́la, èwo lo máa mú? Ọ̀pọ̀ èèyàn á gba 100, wọ́n á bá tiwọn lọ. Tó bá wá jẹ́ 100 ní ọjọ́ 30 sí i, tàbí 110 ní ọjọ́ 31 ńkọ́? Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó gba 100 lẹ́ẹ̀kan á ní àwọn á dúró. Bẹ́ẹ̀, ọjọ́ kan náà ni wọ́n fi jura, èlé 10 náà ló sì wà ńbẹ̀. Èrè tí kò bá sí nítòsí, ṣe ni ọpọlọ ń gé iye rẹ̀ kù. Àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́ ló máa ń gé jù, lẹ́yìn náà ọ̀bẹ á kújú. Àwọn àgbà ní ogún ọdún ń bọ̀ wá ku ọ̀la. Ọpọlọ gbọ́, àmọ́ kì í fi ṣírò.

Ní 2004, Samuel McClure, onímọ̀ nípa ọpọlọ, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ẹ̀rọ wo ọpọlọ àwọn tó ń ṣe irú yíyàn yìí, wọ́n sì ní ó dà bíi pé apá méjì ló ń fà á mọ́ra wọn lọ́wọ́: ọ̀kan ń sáré sí owó ojú ẹsẹ̀, èkejì ń ro ti ọjọ́ iwájú. Ní 2007, Joseph Kable àti Paul Glimcher rí i pé àwọn ibì kan náà, tí ventral striatum (ibì kan nínú ọpọlọ lọ́hùn-ún) wà lára wọn, ló ń díye lé owó òní àti ti ọjọ́ iwájú. Èmi fara mọ́ ti àwọn ìkẹyìn yìí. Kò sí ọ̀tá kankan tó ń bá ọ jà nínú lọ́hùn-ún.

Ti gbèsè tó ò ń tìtorí ẹ̀ ṣàìsùn wá ńkọ́? Richard Thaler, onímọ̀ ọrọ̀ ajé, ti fi hàn ní 1981 pé a kì í gé iye òfò tó ń bọ̀ kù tó bí a ṣe ń gé ti èrè. Ní 2006, Gregory Berns àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi iná mànàmáná ta àwọn èèyàn lẹ́sẹ̀, wọ́n sì jẹ́ kí wọ́n yàn. Àwọn kan ní kí wọ́n kúkú fi èyí tó le jù ta àwọn kíá, ju kí àwọn máa retí èyí tó rọjú. Ibi tó ń mọ ìrora nínú ọpọlọ wọn ti ń ṣiṣẹ́ kí iná tó kàn wọ́n rárá. Ríretí iná yẹn fúnra rẹ̀ ti ń ro wọ́n lára. Ìwọ tó ń gbàgbé owó ìpamọ́ kò gbàgbé gbèsè lóru ọjọ́ kan, orí kan náà sì ni.

Torí náà, má dúró dìgbà tí owó bá dé ọwọ́ rẹ kó o tó pinnu. Thaler àti Shlomo Benartzi gbìyànjú èyí pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ kan: wọ́n ní kí wọ́n fọwọ́ sí i ṣáájú pé bí owó oṣù bá ti ń lé sí i, kí ìpamọ́ náà máa lé sí i. Láàárín oṣù 40, ìpamọ́ wọn kúrò ní ìdá 3.5 nínú 100 owó oṣù wọn, ó di 13.6. Owó náà kò tíì dọ́wọ́ wọn nígbà tí wọ́n ń fọwọ́ sí i, ibẹ̀ ni agbára rẹ̀ wà.

Má sì kọ "ọjọ́ iwájú" sórí owó náà. Kọ orúkọ ẹ̀kọ́ tó o fẹ́ lọ kà àti oṣù tó máa bẹ̀rẹ̀. Jan Peters àti Christian Büchel rí i ní 2010 pé bí wọ́n bá rán èèyàn létí ohun kan pàtó tó fẹ́ ṣe lọ́jọ́ tí owó náà máa dé, ó máa ń lè mú sùúrù jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Owó oṣù tó ń bọ̀ kò tíì wọlé. Sọ fún báńkì rẹ lọ́sẹ̀ yìí pé kí wọ́n máa yọ tìpamọ́ àti ti gbèsè lọ́jọ́ tó bá wọlé gan-an. Bí fọ́ọ̀mù wọn bá lọ́jú pọ̀, pè mí lálẹ́, a ó jọ kọ ọ́.

Ẹ̀gbọ́n rẹ