Fẹ́ǹsì nìkan ò lè gba òdòdó yìí là

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ọ̀rọ̀ òdòdó kan tí wọ́n ń pè ní Primula scotica ni mo bá wá, torí tí wọ́n bá ti ní nǹkan kan fẹ́ parẹ́ láyé, erin àti ẹkùn nìkan la máa ń rántí. Òdòdó yìí ò sí níbì kankan àfi etí òkun apá àríwá Scotland, ìyẹn Sutherland àti Caithness, àti erékùṣù Orkney. Kì í sábà ga ju ìka ọwọ́ lọ, àwọ̀ àlùkò ni, ó wá ní yẹ́lò láàárín, èèyàn lè dúró lé e lórí kó má mọ̀.

Ohun tó ń bí mi nínú ni báwọn èèyàn ṣe máa ń sọ pé kí wọ́n ṣáà ṣe fẹ́ǹsì yí irú nǹkan báyìí ká, kẹ́nikẹ́ni má débẹ̀ mọ́, ó parí. Kò parí o! Àárín koríko kúkúrú ló ń gbé, níbi tí atẹ́gùn oníyọ̀ ti ń fẹ́ wá látorí òkun tí àgùntàn sì ń jẹko, torí ewé ẹ̀ lẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹrẹsẹ, tí koríko bá fi lè ga bò ó, kò rí oòrùn mọ́, ó tán nìyẹn. Hóró ẹ̀ náà kéré bí eruku, kì í bọ́ jìnnà síbi tí ìyá ẹ̀ wà, ó sì ń fẹ́ ilẹ̀ tó ṣí sílẹ̀ díẹ̀ kó tó lè hù. Ẹni tó bá lé gbogbo àgùntàn lọ, tó rò pé òun ń ṣàánú òdòdó, ṣe ló ń pa á.

Àmọ́ kì í ṣe pé kí àgùntàn wá máa jẹ̀ níbẹ̀ látòní dé àmọ́dún o. Láàárín oṣù Karùn-ún sí oṣù Kẹjọ ló máa ń tanná, ó lè tanná lẹ́ẹ̀mejì pàápàá, àgùntàn ò sì mọ òdòdó yàtọ̀ sí koríko, á kàn jẹ ẹ́ lórí kó tó so ni. Ìgbà òtútù ló yẹ kí wọ́n máa jẹ̀ níbẹ̀.

Ti katakata tún burú ju ti àgùntàn lọ. Tí wọ́n bá ti túlẹ̀ tí wọ́n sì da ajílẹ̀ sí i, koríko ńláńlá ló máa gba ibẹ̀. Àti pé látìgbà tí wọ́n ti gbé North Coast 500 jáde ní 2015, ìyẹn ọ̀nà táwọn arìnrìn-àjò afẹ́ máa ń wa mọ́tò gbà yí àríwá Scotland ká, làwọn tó ń wá ṣe fàájì ti pọ̀ sí i létí òkun yẹn, mọ́tò tó bá sì kúrò lórí títì lọ páàkì sórí koríko, ẹ ti mọ ohun tó máa tẹ̀ (ẹni tó bá fẹ́ ya fọ́tò, ṣebí fóònù lè sún un mọ́ tòsí!). Òfin kan tí wọ́n ṣe ní Britain lọ́dún 1981 ti ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ hú ewéko inú igbó láìgbàṣẹ lọ́wọ́ onílẹ̀, ó dáa bẹ́ẹ̀, àmọ́ òfin ò lè bá wọn gé koríko.

Ẹ jọ̀ọ́, táwọn oníròyìn yín bá tún fẹ́ kọ nípa irú ọ̀rọ̀ yìí, kí wọ́n bá wa béèrè iye tó ń kan olóko tó bá kó àgùntàn ẹ̀ lọ síbòmíì fún oṣù mẹ́rin gbáko torí òdòdó, torí òun náà ní ọmọ tó ń bọ́.

Èmi òǹkàwé yín.