Lẹ́tà ìparí sáà kejì: ohun tí yunifásítì ń wò kí wọ́n tó gba ọmọ wọlé

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́ wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, ẹ kú ìnáwó. Sáà kejì ti parí, èsì ìdánwò sì ti wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ.

Ìbéèrè tí ẹ ń bi wá jù ní sáà yìí ni iye tí ọmọ gbọ́dọ̀ gbà nínú JAMB kó tó lè wọ UI tàbí UNILAG. 200 nínú 400 ni UI, UNILAG àti OAU ń béèrè, àmọ́ àǹfààní láti ṣe Post-UTME, ìdánwò tí yunifásítì fúnra rẹ̀ ń ṣe lẹ́yìn JAMB, nìkan ni 200 yẹn fún ọmọ. Ní UI, ìdajì máàkì tí wọ́n fi ń gba ọmọ wọlé jẹ́ ti JAMB, ìdajì jẹ́ ti Post-UTME. Ti UNILAG ni mo fẹ́ ká yẹ̀ wò dáadáa: 50 fún JAMB, 30 fún Post-UTME, 20 fún èsì WAEC tàbí NECO. Iṣẹ́ (subject) márùn-ún ni wọ́n ń kà nínú èsì yẹn. A1 ní máàkì 4, B2 ní 3.6, C6, kírẹ́díìtì tó kéré jù, ní 2 péré.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ọmọ tó gba 300 nínú JAMB, tó ní C6 márùn-ún, yóò ní 37.5 (300 tí a fi 8 pín, kí 400 lè di 50) àti 10, ìyẹn 47.5. Èyí tó gba 240, tó ní B2 márùn-ún, yóò ní 30 àti 18, ìyẹn 48. Ẹni tó gba 300 ti wà lẹ́yìn kí wọ́n tó ṣe Post-UTME rárá. Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún ọmọ pé kírẹ́díìtì ṣáà ti tó, pàápàá ọmọ tó fẹ́ di dókítà tàbí lọ́ọ̀yà.

Ó dùn mí pé àwọn òbí kan ń kó ọmọ kúrò ní SS3 lọ síbi tí wọn yóò ti jí ìwé wò. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Nínú JAMB, ìbéèrè 180 ni ọmọ yóò dáhùn lórí kọ̀ǹpútà láàárín wákàtí méjì, Post-UTME sì tún ń dúró dè é. Ẹ fi ọmọ sílẹ̀ kó kàwé.

Ẹ̀yin òbí JSS3, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín jù. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ dókítà gbọ́dọ̀ ní Biology, Chemistry àti Physics pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì. Ẹnjiníà nílò Ìṣirò, Physics àti Chemistry. Lọ́ọ̀yà nílò Literature. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tó sá fún Physics nítorí pé ó le ti yọ ara rẹ̀ kúrò nínú ẹni tó lè di dókítà, ó sì lè má mọ̀ títí di SS3.

Fọ́ọ̀mù tí ọmọ JSS3 yóò fi yan iṣẹ́ (subject) tí yóò ṣe wà nínú báàgì wọn. Ẹ jókòó ti ọmọ yín, ẹ bi í léèrè ohun tó wù ú, kí ẹ tó buwọ́ lù ú. Ọjọ́ tí a bá wọlé ni a óò gbà á padà.

Tiyín nítòótọ́,
Ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́