Ta ló ta fọ́ọ̀mù wa fún alákàrà?

Olóòtú,

Àkàrà ₦500 ni mo rán ọmọ iṣẹ́ mi lọ rà láàárọ̀ Ọjọ́rú tó kọjá, lẹ́bàá ọ̀nà Bàsírì níhìn-ín l'Ádó-Èkìtì. Nígbà tí mo tú bébà rẹ̀, ojú obìnrin kan ló ń wò mí láti inú epo. Fọ́tò pásípọ́ọ̀tù ni, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ fọ́ọ̀mù ètò ìrónilágbára kan. Orúkọ obìnrin náà wà níbẹ̀, ọjọ́ ìbí rẹ̀, nọ́ńbà fóònù, orúkọ báńkì àti nọ́ńbà àkáǹtì rẹ̀, títí kan nọ́ńbà ìdánimọ̀ NIN, gbogbo mọ́kọ̀ọ̀kànlá pé pérépéré. Òǹtẹ̀ ọ́fíìsì ìjọba wà nísàlẹ̀. Epo ti ra ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kan, ṣùgbọ́n kò sí nọ́ńbà kan tí kò hàn.

N kò lè jẹ àkàrà yẹn mọ́. Ọmọ iṣẹ́ mi ló jẹ ẹ́.

Mo pe nọ́ńbà tó wà lórí fọ́ọ̀mù náà. Mo ní, "Ẹ kú àárọ̀ mà, ṣé ẹ̀yin lẹ jẹ́ báyìí-báyìí?" Obìnrin náà kò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀. Ó ní àwọn gbájúẹ̀ tún ti dé, pé ẹlẹ́ẹ̀kẹta rèé tí ẹni tí òun kò mọ̀ rí máa pe òun ní orúkọ àbísọ òun lórí fóònù. Ó ṣépè fún mi, ó ṣẹ́ ẹ fún ìdílé mi, ó sì pa fóònù. N kò bínú sí i. Bí ó bá jẹ́ èmi ni, màá ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo wá dìde lọ bá alákàrà. Màmá náà rò pé mo wá ṣàròyé nípa epo ni, ó ní, "Ṣé èyí tí kò ní àwòrán lẹ fẹ́ ni?" Ó ní àwọn tó ń kó bébà wá sí Ọjà Ọba ni òun ń rà á lọ́wọ́ wọn, àpò-àpò ni wọ́n ń kó o wá, kìlò ni wọ́n sì fi ń tà á. N kò dá màmá lẹ́bi. Ẹni tí mo ń bá wí ni ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì tó gbé fọ́ọ̀mù èèyàn jáde lọ tà. Báwo ni fọ́ọ̀mù tó gba ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì ìjọba wọlé ṣe gba ẹ̀yìnkùlé jáde dórí tábìlì alákàrà?

Ẹ̀yin aṣòfin alátakò ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi bi ìjọba ní ìbéèrè yìí, l'Ádó àti l'Ábújá. Iṣẹ́ yín nìyẹn. Ẹ mọ̀ ọ́n bínú dáadáa nígbà tí wọ́n bá pín ipò tí kò kàn yín. Àkọsílẹ̀ aráàlú ńkọ́? Èmi kò gbúròó yín lórí rẹ̀ láti ibi tí mo jókòó sí nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ yìí.

Àbúrò mi wà ní ìlú Ọba ní oṣù Kọkànlá ọdún 2007. Àjọ tó ń gba owó orí níbẹ̀ fi àwo CD méjì ránṣẹ́, àwo náà sì sọnù. Àkọsílẹ̀ nípa èèyàn mílíọ̀nù 25 ló wà nínú wọn, àwọn ìdílé tó ń gba owó ọmọ lọ́wọ́ ìjọba, orúkọ ọmọ àti àkáǹtì báńkì òbí. Tiẹ̀ àti tàwọn ọmọ rẹ̀ wà lára rẹ̀. Ó sọ fún mi bí mínísítà ètò ìnáwó ṣe dìde jẹ́wọ́ nílé aṣòfin, tí àwọn alátakò sì gbé ọ̀rọ̀ náà gbóná fún un. Ọ̀gá àgbà àjọ náà fipò sílẹ̀. Àwo méjì péré o!

Níhìn-ín ńkọ́? Ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, ẹgbẹ́ Paradigm Initiative, tó ń jà fún ẹ̀tọ́ aráàlú lórí íntánẹ́ẹ̀tì, fi han gbogbo ayé pé ìkànnì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì ń ta àkọsílẹ̀ NIN àwọn ọmọ Nàìjíríà ní ₦100. Kódà, wọ́n rí ti mínísítà tó ń rí sí ètò ìbánisọ̀rọ̀ gan-an rà. ₦100! Àjọ NIMC, tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ NIN, ní àpótí àwọn kò jò, àwọn kò sì fún ẹnikẹ́ni láṣẹ láti tà á. Ó dáa. Bí àpótí kò bá jò, kí ló ń kán sílẹ̀?

Kì í ṣe pé òfin kò sí. Ìwé òfin ọdún 1999, ìpín 37, ti sọ̀rọ̀ nípa àṣírí aráàlú. Ààrẹ Tinubu tún fọwọ́ sí òfin ààbò dátà ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 2023. (Nígbà tí mo dárúkọ dátà, ọmọ mi bi mí pé ti èló ni kí òun bá mi rà.) Òfin yẹn ní bí àkọsílẹ̀ bá bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò yẹ, tó sì lè kó ewu bá olóhun, kí ọ́fíìsì tó wà níkàáwọ́ rẹ̀ fi tó àjọ NDPC, tó ń rí sí ààbò dátà, létí láàárín wákàtí 72 tó bá ti mọ̀. Ta ló ń ka wákàtí nídìí àkàrà?

Aránṣọ ni mí. Mo ní ìwé kan tí mo ń kọ ìwọ̀n àwọn oníbàárà mi sí, àyà, ìbàdí, gígùn apá. Ọmọ iṣẹ́ mi kan fi ìbàdí ìyàwó kan ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú oníbàárà mìíràn lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn. Mo lé e sílé fún ọ̀sẹ̀ méjì, mo sì lọ bẹ ìyàwó náà nílé rẹ̀. Láti ìgbà yẹn, inú dúrọ́ọ̀ tó ní kọ́kọ́rọ́ ni ìwé náà ń sùn. Ìwọ̀n ìbàdí nìyẹn o, kì í ṣe àkáǹtì báńkì.

Ohun tí mo fẹ́ kí àwọn aṣòfin fi ṣòfin kò le. Tíkẹ́ẹ̀tì ni. Kò sẹ́ni tó ń gbé aṣọ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi tí kò ní gba tíkẹ́ẹ̀tì: ọ̀kan á wà lára aṣọ, ìkejì á wà lọ́wọ́ rẹ̀, nọ́ńbà kan náà ni méjèèjì. Bí aṣọ bá sọnù, ó mọ ẹni tí yóò dì mú. Kí ìjọba náà máa ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ́fíìsì yòówù tó bá gba NIN mi, kó fún mi ní tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi Yorùbá kọ: orúkọ ọ́fíìsì, ohun tí wọ́n gbà, ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe, orúkọ òṣìṣẹ́ tó gbà á, àti ọjọ́ tí wọn yóò sun ún níná. Kí nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì wà lára fọ́ọ̀mù. Lọ́jọ́ tí fọ́ọ̀mù bá tún dé ọwọ́ alákàrà, kò ní sí pé a ń wá ẹni tó ṣe é. Wọ́n á ní owó bébà pọ̀. Ẹni tó ní owó láti tẹ fọ́tò ara rẹ̀ sára àpò ìrẹsì kò lè sọ bẹ́ẹ̀ fún mi.

Kí wọ́n sun àwọn fọ́ọ̀mù àtijọ́ tó kún ibi ìkẹ́rùsí wọn. Kí wọ́n sì fi ẹnì kan jófin.

Mo mọ ohun tí kò jẹ́ kí àwọn alátakò pariwo. Àwa tá a mọ "dìbò kó o sebẹ̀", ìyẹn fífi owó ra ìbò, l'Ékìtì kì í ṣe ọmọdé. Ọ̀dọ́mọkùnrin ẹgbẹ́ alátakò kan wọ ṣọ́ọ̀bù mi pẹ̀lú ìwé àkọsílẹ̀, ó ní kí n mú nọ́ńbà káàdì ìdìbò àti àkáǹtì mi wá, pé "nǹkan" ń bọ̀. Mo bi í níbo ni ìwé yẹn máa wà lẹ́yìn ìbò. Ó rẹ́rìn-ín. Bí ẹ̀yin náà bá ń gbà á, tí ẹ kò mọ ibi tó ń gbé, ẹnu wo lẹ fẹ́ fi bi ìjọba?

Síbẹ̀, ẹ bi wọ́n. Fọ́ọ̀mù obìnrin náà ṣì wà lọ́wọ́ mi, mo ti fi ọ̀rá wé e, ó wà nínú dúrọ́ọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé ìwọ̀n. Aṣòfin tó bá fẹ́ gbé e lọ sílé ìgbìmọ̀, kó wá gbà á. Ṣùgbọ́n yóò gba tíkẹ́ẹ̀tì, yóò sì fọwọ́ síwèé.

Aránṣọ kan, Adó-Èkìtì