Bùkọ́lá, mo ti dé Thanjavur

Chennai,
Íńdíà.

Bùkọ́lá, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹ kú òtútù Lọ́ńdọ̀nù o. Ara mi le, ẹ̀kọ́ mi ń lọ déédéé, ooru nìkan ló ń bá wa fínra níbí. Mo ti sọ fún ọ pé ọjọ́ tí mo bá dé ìlú àwọn ọba Chola, àwọn tó jọba ní gúúsù Íńdíà láyé àtijọ́, ìwọ ni n óò kọ́kọ́ kọ̀wé sí. Ìwọ lo kọ́ iṣẹ́ ọnà ní Ifẹ̀, wàá mọ rírì ohun tí mo rí.

Ọkọ̀ ojú irin ni mo wọ̀ láti Chennai. Bí a ṣe ń sún mọ́ Thanjavur, oko ìrẹsì lọ́tùn-ún, oko ìrẹsì lósì, nítorí odò Kaveri ló ń bomi rin gbogbo ilẹ̀ yẹn. Ilẹ̀ ẹrẹ̀ ni, kò sí àpáta nítòsí. Síbẹ̀, òkúta líle ni Ọba Rajaraja Kìíní fi kọ́ tẹ́ḿpìlì Brihadisvara, láti ìpìlẹ̀ títí dé ṣóńṣó orí rẹ̀. Ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti wọ́ ọ wá. Ilé gogoro tó wà lókè ojúbọ Shiva, òrìṣà àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù, ga ju mítà 60 lọ, àgbékà 13 ni, ó sì ń fún sí i bó ṣe ń lọ sókè. Ní 1010 ni ọba fi ìkòkò bàbà tí wọ́n fi wúrà bò ṣe adé sí i lórí.

Ìrọ̀lẹ́ ni mo lọ. Ẹnikẹ́ni kì í wọ bàtà wọ ibẹ̀, oòrùn ọ̀sán a sì máa sọ òkúta àgbàlá náà di ààrò. Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, ògiri náà pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Ìdílé-ìdílé jókòó sílẹ̀, àwọn obìnrin fi òdòdó funfun olóòórùn dídùn sínú irun, àwọn àgbà ọkùnrin fi eérú fa ìlà mẹ́ta sí iwájú orí. Lóòótọ́ ni UNESCO ti kọ ibẹ̀ mọ́ ogún àgbáyé láti 1987, àmọ́ kì í ṣe ibi ìwòran lásán. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún, wọ́n ṣì ń bọ Shiva níbẹ̀ lójoojúmọ́.

Ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ògiri ni mo fẹ́ bá ọ sọ. Ìwé ló kún ibẹ̀, Bùkọ́lá! Lẹ́tà Tamil, èdè àwọn ará ibẹ̀, ni wọ́n gbẹ́ sára òkúta, ìlà lórí ìlà, yí gbogbo ilé náà ká. Afinimọ̀nà wa ń fi ìka tọ ọ́, ó sì ń sọ ohun tó wà níbẹ̀. Ọba pàṣẹ pé kí wọ́n gbẹ́ ohun tí òun fi tọrẹ, ohun tí ẹ̀gbọ́n òun obìnrin fi tọrẹ, ohun tí àwọn ìyàwó òun fi tọrẹ, àti ohun tí àwọn ẹlòmíràn fi tọrẹ. Ẹ̀gbọ́n ló ṣáájú ìyàwó. Kundavai lorúkọ ẹ̀gbọ́n náà, ẹ̀bùn tirẹ̀ kò sì kéré rárá.

Níwájú díẹ̀, orúkọ 400 obìnrin oníjó ni. Láti inú àwọn tẹ́ḿpìlì káàkiri ilẹ̀ Chola ni ọba ti kó wọn wá, ó fún oníkálukú ní ilé àti ìpín ìrẹsì lọ́dọọdún. Wọ́n kọ orúkọ obìnrin kan, wọ́n kọ tẹ́ḿpìlì tó ti wá, wọ́n kọ àdúgbò àti ilé tó ń gbé. Lẹ́yìn wọn ni onílù, akọrin, aránṣọ, amọ̀kòkò, alágbàfọ̀, onígbàjámọ̀ àti alágbẹ̀dẹ wúrà. Mo fọwọ́ kan ibẹ̀, omijé fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi. Mo rántí àwọn orí idẹ Ifẹ̀ tí o máa ń yà sínú ìwé rẹ nígbà yẹn. Ta ló dá wọn? A kò ní orúkọ ẹnì kankan nínú wọn. Ó dùn mí gan-an.

Mo dé ààfin Thanjavur, mo dé ilé ìkàwé Saraswathi Mahal tí Ọba Serfoji Kejì fi ìwé kún, ìwé tí wọ́n fi gègé irin kọ sára ewé ọ̀pẹ. Ère idẹ tó wà ní ààfin yẹn, ọ̀tọ̀ ni! Àmọ́ ibi tí wọ́n ti ń dá irú wọn títí di òní ló wù mí jù.

Swamimalai ni wọ́n ń pe ibẹ̀, ẹ̀bá Kumbakonam. Kẹ̀kẹ́ Márúwá ló gbé mi dé ẹnu ọ̀nà. Ìda oyin ni wọ́n fi ń mọ ère, bíi ti Ifẹ̀ gẹ́lẹ́. Bàbá kan ká ewé àgbọn gbọọrọ kan sí ìpín-ìpín, òun ló fi ń wọn gígùn ojú, ọrùn, igẹ̀ àti orúnkún. Lẹ́yìn náà, wọ́n fi amọ̀ kíkúnná etí odò Kaveri bo ìda náà, wọ́n jẹ́ kó gbẹ, wọ́n fi iná yọ́ ìda jáde, wọ́n wá da idẹ gbígbóná sínú àlàfo rẹ̀. Bí wọ́n bá ti fọ́ amọ̀ yẹn, ó parí, ìkejì ère náà kò sí láyé. Mo bi bàbá náà bóyá ó gbọ́ nípa Ifẹ̀ rí, ó ní rárá. Mo fi àwòrán orí Ọọ̀ni hàn án lórí fóònù. Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó ń fa àwòrán náà gbòòrò, ó wo ìlà ojú wọ̀nyẹn títí, ó wá pe ọmọ rẹ̀ kó wá wò ó.

Jọ̀ọ́, wá. Oṣù Kìíní ló dára, ooru kì í tíì mú. N óò bá ọ dé Thanjavur, a ó jọ jókòó ti bàbá náà títí wọn yóò fi da idẹ. Mú ìwé àwòrán rẹ dání. Bá mi kí gbogbo ilé.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Fúnmiláyọ̀