Ẹ̀yin Ọmọ Wa ní Chicago, Ọ̀rọ̀ Ìbọn Inú Mọ́tò Yẹn Ni o

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Mo kí yín. Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé n kì í kọ lẹ́tà síta. Bí mo bá ní ọ̀rọ̀ bá ẹnìkan sọ, mo máa ń pè é wọ yàrá ni, màá ti ilẹ̀kùn, màá sọ ọ́ tán síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ti kọjá ti inú yàrá.

Lóṣù tó kọjá, aago méjì òru lé díẹ̀, ìyá ọ̀kan nínú yín pè mí. Kò kí mi. Ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé, "Bàbá, wọ́n ti mú un." Nígbà tí a máa fi rí i, ọmọ tí mo lọ pàdé ní pápákọ̀ òfurufú O'Hare nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, tí òtútù ń gbọ̀n ọ́n jìnnìjìnnì tí mo bọ́ kóòtù ọrùn mi fún, òun ni wọ́n mú jáde síwájú adájọ́. Wọ́n ti yọ okùn bàtà rẹ̀. Bàtà náà ń yọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ bó ṣe ń rìn, ó ń wọ́ ọ nílẹ̀. Kò wo ojú ìyá rẹ̀.

Kò jalè. Kò lu ẹnikẹ́ni. Iná ẹ̀yìn mọ́tò rẹ̀ kan ló kú, ọlọ́pàá dá a dúró, òun fúnra rẹ̀ ló sì sọ fún wọn pé ìbọn wà nínú àpótí kékeré iwájú mọ́tò. Ìbọn ìléwọ́, ọta kún inú rẹ̀. Ó sọ ọ́ torí ó dá a lójú pé òun kò ṣẹ̀. Ó ní káàdì FOID lápò, èyí tí ìpínlẹ̀ Illinois ń fún ẹni tó bá fẹ́ ní ìbọn. Kò mọ̀ pé ìwé àṣẹ mìíràn ni wọ́n ń gbà kí èèyàn tó lè máa gbé ìbọn tí wọ́n ti kì káàkiri, pé ẹ̀kọ́ wákàtí 16 ló wà nídìí ìyẹn. Adájọ́ ní kó máa tilé wá jẹ́jọ́. Nígbà tí a dé inú mọ́tò mi, mo ní kí ló ṣe ọ́? Ó ní, "Daddy, Supreme Court ti sọ ọ́ ní 2022 pé gbogbo èèyàn ló lè gbé ìbọn."

Mo ní níbo lo ti kà á? Kò kà á. Ó gbọ́ ọ ni.

Mo mọ ọjọ́ tí ìbọn yẹn bẹ̀rẹ̀. Ìdí tábìlì mi ni. Oṣù kẹta ọdún 2022 ni, Ààrẹ Biden ti fa Ketanji Brown Jackson kalẹ̀ fún Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ, Supreme Court tí ọmọ yìí ń sọ yẹn, obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí wọ́n máa fi sípò yẹn. Ẹ̀yin méje lẹ wà nílé mi, ìyàwó mi ń bu ẹ̀gúsí fún yín, ariwo yín gba ilé. Ẹnìkan ní ṣé obìnrin náà tiẹ̀ kúnjú òṣùwọ̀n. Òmíràn ní òun gbọ́ lórí tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ń ní kó mú máàkì ìdánwò tó fi wọ ilé ẹ̀kọ́ òfin jáde. Obìnrin tó ti jẹ́ adájọ́ ìjọba àpapọ̀ láti 2013, tó ti gbẹjọ́ rò fún àwọn tí kò lówó lọ́yà, tó ti wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń la ìlànà ìdájọ́ ẹ̀wọ̀n sílẹ̀. Máàkì ìdánwò! Inú bí mi lọ́jọ́ náà, ó ṣì ń bí mi.

Àárín ariwo yẹn ni ọmọ yìí ti ní tí obìnrin náà bá wọlé, wọn óò gba ìbọn lọ́wọ́ gbogbo ayé, kí ẹni tó bá fẹ́ rà yáa tètè rà. Ẹ rẹ́rìn-ín. Èmi náà dákẹ́, mo pè é ní ọ̀rọ̀ ọmọdé. Kí ọdún yẹn tó parí, ó ti ra ìbọn. Ìdákẹ́ mi lọ́jọ́ náà kò jẹ́ kí n sùn báyìí.

Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dé inú rẹ̀ a di odindi. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ tí ẹ̀ ń gbọ́ kiri yìí, inú yín ló ti ń di ìbọn.

Ẹ má rò pé mo ń sọ pé kí ẹ má yẹ adájọ́ wò. Iṣẹ́ tí èèyàn lè ṣe títí tó fi kú ni, ta ni kò ní bi í léèrè ohun tó mọ̀? Ní 2005, George W. Bush mú Harriet Miers wá, lọ́yà tirẹ̀ ní ààfin, àwọn ará ẹgbẹ́ òṣèlú Bush gan-an ló ní obìnrin náà kò tíì tó o. Kò pé oṣù kan tó fi yọwọ́. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ẹ bèèrè. Ṣùgbọ́n ẹ bèèrè kẹ́ ẹ sì dúró gbọ́ èsì.

Èmi náà ti ṣẹ irú ẹ̀ṣẹ̀ yìí. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2010, Obama yan Elena Kagan. Takisí ni mò ń wà nígbà náà. Gbogbo èrò tí mo bá gbé ni mò ń bi pé báwo ni ẹni tí kò jókòó sórí àga adájọ́ rí ṣe fẹ́ lọ bẹ̀rẹ̀ lókè téńté. Mo ní ẹni tí kò ṣe olórí agbo ilé rí, ṣé wọ́n ń fi í jọba? Ó dùn lẹ́nu mi, mo sì ń tún un sọ. Títí mo fi gbé bàbá òyìnbó kan láti àdúgbò Hyde Park níbí, ó ní lọ́yà lòun kí òun tó fẹ̀yìn tì. Ó jẹ́ kí n sọ tèmi tán. Ó wá bi mí pé ta ni olórí ilé ẹjọ́ yẹn ní 1954, nígbà tí wọ́n sọ pé kò bófin mu láti ya ọmọ dúdú sọ́tọ̀ ní ilé ẹ̀kọ́? Mo ní n kò mọ̀. Ó ní Earl Warren ni, gómìnà California ló ń ṣe bọ̀, kò dájọ́ rí kó tó débẹ̀. Ó ní obìnrin tí mò ń bú yìí ti kọ́ni ní òfin ní Yunifásítì Chicago, ní Hyde Park níbẹ̀ tí mo ti gbé òun, ó ti ṣe olórí ilé ẹ̀kọ́ òfin ní Harvard, iṣẹ́ tó sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ lákòókò yẹn ni láti máa dúró níwájú ilé ẹjọ́ yẹn gan-an gbẹjọ́ ìjọba Amẹ́ríkà rò. N kò rí èsì fọ̀. Mo wa mọ́tò lọ.

Ọ̀rọ̀ ìbọn náà wà níbẹ̀. Ní 1987, nígbà tí Kagan ṣì jẹ́ ọmọ ọdún 27, tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ Thurgood Marshall, adájọ́ dúdú àkọ́kọ́ nílé ẹjọ́ yẹn, ẹjọ́ ọkùnrin kan dé tó ń bá òfin ìbọn ìlú Washington jà. Kagan kọ ìlà díẹ̀ fún ọ̀gá rẹ̀ pé ẹjọ́ ọkùnrin náà kò wọ òun lára. Ọdún mẹ́tàlélógún lẹ́yìn náà, wọ́n hú ìwé yẹn jáde, wọ́n ní ẹ wá wò ó, ọ̀tá oníbọn ni. Ẹgbẹ́ NRA, àwọn tó ń jà fún ẹ̀tọ́ oníbọn, ní àwọn kò fẹ́ ẹ. Wọn kò sọ fún èèyàn pé ní 1987, ilé ẹjọ́ yẹn kò tíì sọ pé ìbọn jẹ́ ẹ̀tọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọdún 2008 ni wọ́n tó sọ bẹ́ẹ̀.

Mo wà lórí ìlà takisí ní O'Hare lọ́jọ́ 28 oṣù kẹfà ọdún 2010, rédíò mi ń sọ̀rọ̀. Láàárọ̀ ni ilé ẹjọ́ náà, adájọ́ márùn-ún sí mẹ́rin, dá òfin Chicago nù, èyí tó ti ka ìbọn ìléwọ́ léèwọ̀ láti 1982. Kí agogo méjìlá tó lù níbí, Kagan ti jókòó níwájú àwọn sẹ́nétọ̀ tó ń yẹ ẹni tí ààrẹ bá yàn wò. Nígbà tí wọ́n bi í, ó ní ẹjọ́ ti 2008 ti di òfin tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Nínú oṣù kẹjọ, sẹ́nétọ̀ 63 gbà á wọlé, 37 kọ̀ ọ́.

Ẹ jẹ́ ká kà á bí ẹni ka owó. Àga ta ni Kagan jókòó sí? Ti John Paul Stevens, ọmọ bíbí Chicago yìí, tó wà lára àwọn mẹ́rin tí kò fọwọ́ sí i láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Àga ta ni Jackson jókòó sí? Ti Stephen Breyer, tí òun náà wà lára mẹ́rin yẹn. Òṣùwọ̀n kò mì rárá! Ẹni tí wọ́n ní ń bọ̀ wá gba ìbọn, ipò ẹni tó ti ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló wá dì. Jackson pàápàá sọ níwájú àwọn sẹ́nétọ̀ pé ilé ẹjọ́ ti fìdí ẹ̀tọ́ náà múlẹ̀. Ẹjọ́ 2022 tí ọmọ wa ń tọ́ka sí, mẹ́fà sí mẹ́ta, ọ̀sẹ̀ kan kí Jackson tó búra ni wọ́n dá a. Ohun tí wọ́n sì sọ ni pé New York kò gbọdọ̀ ní kí èèyàn wá ṣàlàyé ìdí pàtàkì kó tó rí ìwé àṣẹ gbà. Ìwé àṣẹ fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀ digbí. Ìbẹ̀rù ló fi ra ìbọn, ìdánilójú ló fi gbé e jáde, méjèèjì kò ní ẹsẹ̀ nílẹ̀.

Ṣé ẹ ò lè kàwé ni? Ìwé tí ẹ kà pọ̀ ju tèmi lọ! Díígírì wà lára ògiri yín. Ìdájọ́ yẹn wà ní íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni, ẹ̀ ń fi fóònù kan náà wo bọ́ọ̀lù dòru. Kí ló ṣòro?

Ẹ má bínú. Ara ló ń ta mí.

N kì í bá ẹni tó ń bẹ̀rù jà. Ní 1991, ẹnìkan tí mo gbé ní alẹ́ gbé ẹnu ìbọn lé mi ní ìpàkọ́. Ó tutù. Mo ṣì mọ ibi tó kàn. Dọ́là 64 ló gbà. Oṣù méjì gbáko ni mo fi ń wá ìbọn tí màá rà lábẹ́lẹ̀. Torí náà, nígbà tí Otis McDonald gbé Chicago lọ sílé ẹjọ́, ẹjọ́ tí wọ́n dá ní 2010 yẹn, bàbá dúdú kan ní àdúgbò Morgan Park tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, tí àwọn olè ń fọ́ ilé rẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yé mi. Ẹ sì ṣe àkíyèsí ohun tí bàbá náà ṣe: kò ra ìbọn gbé pamọ́ sínú mọ́tò. Kóòtù ló lọ.

Ohun tí kò jẹ́ kí n rà á ni bàbá mi. Ọdẹ ni bàbá mi ní Ṣakí. Ṣakabùlà ni ìbọn rẹ̀. Bí kò bá pa ohunkóhun, kò ní gbé ìbọn tó kì wọ ìlú. Á yìn ín sókè lẹ́yìn oko, ìyá mi á gbọ́ ìró rẹ̀, á gbé omi ọkà kaná. Èmi mọ ìró yẹn gẹ́gẹ́ bí ìró oúnjẹ. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá, mo sọ ìbọn náà kalẹ̀ lára àjà, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀, mo dojú rẹ̀ kọ àbúrò mi, mo ní "gbòà!" Bàbá mi gbá mi létí, kò sì bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹrin ló pè mí: "Ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí wọ́n kọjú rẹ̀ sí òun?" Kò tún sọ ọ́ mọ́ títí tó fi kú.

Kagan tí mo bú yẹn, ó ṣèlérí fún sẹ́nétọ̀ kan pé bí òun bá wọlé, òun á ní kí Antonin Scalia mú òun lọ dẹ ìgbẹ́. Scalia ló kọ ìdájọ́ 2008 yẹn. Scalia kọ́kọ́ mú un lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́ni bí a ṣe ń yìnbọn. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n tó jọ wọ igbó, nígbà tí wọ́n sì lọ sí Wyoming, ó pa àgbọ̀nrín. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ó kọ́ ọ bí ọmọdé. Bàbá mi ìbá fẹ́ràn obìnrin yẹn.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa, ẹ̀yin tí ẹ kò tíì di ọmọ onílùú. Lọ́yà wa ṣàlàyé rẹ̀ fún ìyá ọmọ yìí lẹ́ẹ̀mejì torí kò fẹ́ gbà á: ẹni tó jẹ́ green card ló ní, bí wọ́n bá dá a lẹ́bi ẹ̀sùn ìbọn, ìjọba lè tìtorí ẹ̀ lé e padà sílé. Ilé wo? Ìyá ìyá rẹ̀ nìkan ló kù ní Ìsẹ́yìn, ojú fóònù ni wọ́n ti ń ríra. Ìyá rẹ̀ kò sunkún. Ó ń tún etí gèlè rẹ̀ ṣe, ó ń tú u, ó tún ń wé e.

Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ la máa padà sí kóòtù. Ẹni tó bá fẹ́ bá wa lọ, kó pàdé mi níwájú ilé mi ní aago mẹ́jọ àárọ̀, kó wọ aṣọ tó dáa, kó má sọ̀rọ̀ òṣèlú kankan létí ìyá yẹn.

Ẹni tí irú ìbọn bẹ́ẹ̀ bá sì wà nínú mọ́tò rẹ̀ bó ṣe ń ka lẹ́tà yìí, kó má wa mọ́tò náà lọ síbì kankan. Kó pè mí. N kò ní bú u, n kò ní sọ fún ìyá rẹ̀, màá fún un ní nọ́ńbà lọ́yà. Aago yòówù kó jẹ́, màá gbé e.

Èmi ni,
bàbá yín ní South Side, Chicago.