Lẹ́tà sí Bàbá Bayume Mohamed Husen

Bàbá wa,

Ẹ ò mọ̀ mí. Ọmọ Yorùbá ni mí, Dar es Salaam, ní ilẹ̀ Tanzania òde òní tí Jámánì ń ṣàkóso nígbà náà, ni wọ́n ti bí yín, ṣùgbọ́n torí yín ni mo ṣe wọ ọkọ̀ ojú irin láti Berlin lọ sí Oranienburg, tí mo sì fẹsẹ̀ rìn dé Sachsenhausen, àgọ́ ìṣẹ́níṣẹ̀ẹ́ ìjọba Hitler.

Àwọn èèyàn wa kan máa ń sọ pé ìjà òyìnbó sí òyìnbó ni ọ̀rọ̀ Hitler. Inú máa ń bí mi. Lóòótọ́, àwọn Júù ni wọ́n fẹ́ pa run pátápátá, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ bo ìyẹn mọ́lẹ̀. Àmọ́ ẹ̀yin náà ńkọ́?

Ọmọdé lẹ wà tẹ́ ẹ ti tẹ̀lé bàbá yín wọṣẹ́ ṣọ́jà Jámánì nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Nígbà tẹ́ ẹ dé Berlin ní 1929, owó oṣù tí wọ́n jẹ ẹ̀yin àti bàbá yín lẹ lọ béèrè. Wọ́n ní ó ti pẹ́ jù. Ẹ gbáwo oúnjẹ fún wọn, ẹ kọ́ wọn ní èdè Swahili ní yunifásítì, ẹ ṣe fíìmù fún wọn. Ní 1941, wọ́n mú yín torí pé ẹ fẹ́ràn obìnrin aláwọ̀ funfun. Wọn ò gbé yín dé kóòtù rárá, Sachsenhausen ni wọ́n tì yín mọ́.

Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n pa àwọn ṣọ́jà Soviet tó tó 10,000, ó kéré tán, nínú àgọ́ yẹn.

Ọ̀nà tí wọ́n ti ń dán bàtà wò ló ká mi lára jù. Ó gba etí pápá tí wọ́n ti ń ka àwọn ẹlẹ́wọ̀n kọjá, ibì kan òkúta wẹ́wẹ́, ibì kan yanrìn, ibì kan kọnkéré. Ẹlẹ́wọ̀n á máa yí i po látàárọ̀, nǹkan bíi kìlómítà 40 lójúmọ́, kí wọ́n lè mọ bí àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà tuntun ṣe máa pẹ́ tó. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fọwọ́ kan òkúta náà. Ó mú.

Èèyàn tó lé ní 200,000 ni wọ́n tì mọ́bẹ̀ láàárín 1936 sí 1945. Ẹ̀yin kú síbẹ̀ ní November 24, 1944.

Láti 2007 ni idẹ kékeré kan tí wọ́n kọ orúkọ yín sí ti wà nílẹ̀ ní òpópónà Brunnenstraße ní Berlin. Mo ti sọ fáwọn ọmọ wa tó ń kàwé ní Jámánì pé kí wọ́n lọ síbẹ̀, kí wọ́n sì béèrè yín tí wọ́n bá mú wọn lọ sí Sachsenhausen.

Kí Ọlọ́run fi yín sí àlùjánńà.

Èmi ọmọ yín.